Mùsíọ́mù kéékèèké Birmingham àti agbègbè rẹ̀: èwo ni kí ẹ yàn?

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní ní Birmingham, tí ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó sọ ìlú náà di ìlú, ẹ fi mùsíọ́mù ńlá àárín ìlú sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ sí àwọn kéékèèké. Ìdí rẹ̀ kò le. Manchester àti àwọn ìlú òwú tó yí i ká ló ní ilé iṣẹ́ gàgàrà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ń wọ́ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀. Ti Birmingham yàtọ̀. Yàrá kan níhìn-ín, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan lọ́hùn-ún, ọ̀gá kan àti òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí ogún: bí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ nìyẹn, débi tí wọ́n fi ń pè é ní ìlú ẹgbẹ̀rún iṣẹ́. Bọ́tìnì, ìbọn, òrùka, gègé ìkọ̀wé, idẹ ara pósí, kò sí èyí tí wọn kò rọ. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé yàrá kékeré ni wọ́n ti ṣe é, yàrá kékeré náà ló yẹ ká ti lọ wò ó.

Ìtàn náà sì kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Àdá tó ní àwòrán ọ̀nì lára, tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ sí Crocodile, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Ralph Martindale tó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham ni. Àgádágodo Union tí a fi ń ti ilẹ̀kùn nílé, Willenhall ni wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ìlú kékeré kan nítòsí Birmingham tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀gbà idẹ tí àwọn ará Niger Delta ń ná bí owó, títí ìjọba amúnisìn fi rà á kúrò nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Birmingham. Ìbọn tí àwọn oníṣòwò ẹrú ń kó wá sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Birmingham ló rọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ní èyí lọ́kàn kí ẹ tó wọ ibikíbi nínú àwọn ibi tí mo fẹ́ dárúkọ yìí, kí ẹ sì máa bi ẹni tó bá ń mú yín káàkiri léèrè pé: "Níbo lẹ ń kó o lọ tà?" Ìbéèrè yẹn máa ń ṣí ìtàn tí wọn kò kọ sára ògiri.

Márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra. Mẹ́ta wà nínú Birmingham fúnra rẹ̀, ní àdúgbò Jewellery Quarter àti etí rẹ̀: ilé àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ilé àwọn oníṣẹ́ ohun èlò pósí, àti ilé gègé ìkọ̀wé. Ìkẹrin jẹ́ ilé abẹ́rẹ́ ní Redditch, ìkarùn-ún sì jẹ́ ilé awọ ní Walsall. Nǹkan méjì ni mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ṣé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti wáyé, àbí ńṣe ni wọ́n kó ohun èlò jọ síbẹ̀? Ṣé ẹnì kan wà tó máa fọwọ́ kan ohun èlò náà lójú yín, àbí ẹ óò kàn máa ka ìwé lára gíláàsì? Èyí tó bá yege nínú méjèèjì, ẹ má wo bó ṣe kéré tó. Owó ìwọlé àti ọ̀nà tó jìn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ń bọ̀.

Ilé méjì tí wọ́n tì, tí wọn kò kó ẹrù jáde

Ibi tí yíyàn ti nira jù lọ nìyí, nítorí pé ìtàn àwọn méjèèjì jọra.

Museum of the Jewellery Quarter, ní Vyse Street, ni ilé iṣẹ́ Smith & Pepper tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1899, ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà sì ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí jù. Nígbà tó fi máa di 1981, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tó ni ín, Eric, Tom àti Olive Smith, ti dàgbà, wọn kò sì rí ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó di ilé. Wọn kò palẹ̀ ohunkóhun mọ́. Ọdún 1992 ni ibẹ̀ ṣí gẹ́gẹ́ bíi mùsíọ́mù. Aṣọ iṣẹ́ tó dọ̀tí ṣì wà lórí ìkọ́ tí wọ́n fi í kọ́ sí, ohun èlò wà lórí tábìlì, ìgò jáàmù ọsàn wà níbi tí wọ́n ti ń po tíì.

Tábìlì iṣẹ́ wọn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Wọ́n gé etí rẹ̀ wọnú, ní ìlàjì òbìrí, kí òṣìṣẹ́ lè jókòó wọ inú rẹ̀ dáadáa. Lábẹ́ ibi tí wọ́n gé yẹn, awọ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n so kọ́, tó sọ̀ díẹ̀. Ohun tí fáìlì bá ha kúrò lára wúrà, inú awọ yẹn ló ń bọ́ sí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbọn ọ́n jọ. Ìyẹn kò sì tó wọn. Kò sẹ́ni tó ń jáde láìfọwọ́, omi ìfọwọ́ náà kò sì gbọdọ̀ ṣàn lọ lófo, nítorí wúrà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá, wọn kì í da ìdọ̀tí rẹ̀ nù. Wọ́n á sun ún kí wọ́n lè yọ wúrà inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí alágbẹ̀dẹ wúrà lẹ́nu iṣẹ́ nílé, tó rí bó ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá orí tábìlì rẹ̀, á mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni.

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ yọ òrùka tàbí ẹ̀gbà ọrùn tí wọ́n bá rà fún yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá àmì kékeré inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdákọ̀ró, Birmingham ni wọ́n ti dán an wò. Láti 1773 ni ìlú náà ti ní ilé ìdánwò wúrà àti fàdákà tirẹ̀, ìdákọ̀ró sì ni òǹtẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Jewellery Quarter kì í ṣe ibi ìṣẹ̀ǹbáyé lásán; àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ṣì pọ̀ níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù òrùka ìgbéyàwó sì tò lọ bẹẹrẹ ní Vyse Street fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń múra ìgbéyàwó lè fi òkò kan pa ẹyẹ méjì.

Èkejì ni Coffin Works, ní Fleet Street. Ilé iṣẹ́ Newman Brothers ló wà níbẹ̀. Ọdún 1882 ni àwọn ọmọ Newman méjì, Alfred àti Edwin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ idẹ. Wọ́n kó dé Fleet Street ní 1894, wọ́n sì kógbá wọlé ní 1998. Wọn kì í kan pósí o. Ohun tó wà lára pósí àti ohun tó wà nínú rẹ̀ ni tiwọn: idẹ tí àwọn tó ń gbé e máa dì mú, àwo tí wọ́n ń kọ orúkọ olóògbé sí, àgbélébùú, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú rẹ̀, àti aṣọ òkú. Lára pósí Joseph Chamberlain, Winston Churchill àti ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà. Àwa tí a mọ bí a ṣe ń sin àgbà, tí a máa ń wo ara pósí láti mọ bí àwọn ọmọ ṣe ṣe tó, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí tí irú idẹ bẹ́ẹ̀ fi ń tà.

Obìnrin kan ló fà á tí ilé náà fi wà títí dòní. Joyce Green ni orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni wọ́n gbà á sí ní 1949, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló di ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí òun náà rí i pé ọjọ́ ti lọ, ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má wó o, kí wọ́n má sì kó o tà. Ìjà yẹn pẹ́, ó kọjá ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, kí mùsíọ́mù tó ṣí ní 2014.

Ohun tó jẹ́ kí n máa fi Coffin Works ṣíwájú ni yàrá tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára irin, tó wà nísàlẹ̀. Òòlù irin ńlá kan wà lókè, okùn ló gbé e ró. Wọ́n á gbé irin pẹlẹbẹ lé orí irin mìíràn tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí. Ẹni tó ń mú yín káàkiri á dẹ okùn, òòlù á já wálẹ̀, gbìì! Ilẹ̀ á mì lábẹ́ bàtà yín. Tó bá gbé irin yẹn sókè, òdòdó àti ewé á ti yọ lára ohun tó jẹ́ pẹlẹbẹ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn. Ní òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ibi tí àwọn obìnrin ti ń rán aṣọ òkú wà níbẹ̀ pẹ̀lú máṣínì ìránṣọ wọn. Ẹ óò sì gbọ́ ohun tó pa òwò náà: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sun òkú sí i dípò kí wọ́n sin ín, bẹ́ẹ̀ ni idẹ gidi ń dín kù, tí ike tí wọ́n kùn láwọ̀ idẹ gbapò rẹ̀. Ìyípadà nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń sìnkú ló gba oúnjẹ lẹ́nu alágbẹ̀dẹ.

Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa rí, Coffin Works ni kí ẹ lọ. Òòlù yẹn nìkan tó ìdí. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ọnà, tàbí tí ẹ fẹ́ràn wúrà dénú, Smith & Pepper á dùn mọ́ yín jù, torí kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí ibi ìjókòó òṣìṣẹ́ ti ṣì wà bí òṣìṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ tó báyìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn ò wọ ilé pósí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Kò sí òkú níbẹ̀, kò sì sí ohun ìdẹ́rùbani, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ láìpẹ́, ẹ má mú un lọ. Ẹ mú un lọ wo ti wúrà.

Ní ibi méjèèjì, ẹnì kan ló máa ń mú èrò wọ inú ilé iṣẹ́ lọ ní àkókò tí wọ́n dá. Nítorí náà, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Gègé ìkọ̀wé: ibi tó yẹ àwọn ọmọdé

Pen Museum wà ní Frederick Street, nínú ilé ńlá aláràbarà kan tí wọ́n ń pè ní Argent Centre. Ilé iṣẹ́ gègé ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1863. Mùsíọ́mù náà fúnra rẹ̀ kéré, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló sì ń bójú tó o. Níbi ìwọ̀n mi àkọ́kọ́, kò dé ipò àwọn méjì tó ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́. Níbi ìwọ̀n kejì, ó borí gbogbo wọn, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ tẹ ẹ̀rọ.

Wọ́n á fún yín ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ kan, á gé e sí ìwọ̀n gègé. Ẹ̀rọ kejì á lu ihò sí i. Òmíràn á tẹ̀ ẹ́ kó lè rí roboto, kó lè gba tàdáwà dúró. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ìyókù: ọmọbìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ayé Victoria lè tẹ tó 18,000 gègé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kan náà, ìfà kan náà, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ gègé.

Kí Joseph Gillott, Josiah Mason àti àwọn ọmọ Mitchell tó gbé ẹ̀rọ wọ iṣẹ́ náà, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ńlá ni wọ́n fi ń kọ̀wé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ léraléra. Gègé irin wà nígbà náà, ó kàn jẹ́ pé ọlọ́rọ̀ ló lè rà á. Ẹ̀rọ Birmingham ló sọ ọ́ di ohun tí ọmọ tálákà lè mú dání lọ sílé ìwé. Ó débi pé wọ́n máa ń sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí aráyé ń kọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gègé Birmingham ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó lọ sílé ìwé ní ayé amúnisìn mọ gègé yìí dáadáa, èyí tí wọ́n ń tì bọ inú ìgò tàdáwà. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá wà nílé, ẹ mú un dání. Òun ló máa di olùkọ́ yín lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Josiah Mason yìí, ilé tálákà ló ti wá. Owó tó rí nídìí gègé ló fi dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ tó ṣí ní 1880, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló sì di Yunifásítì Birmingham ní 1900. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti gboyè níbẹ̀ láìmọ̀ pé gègé ló kọ́ ọ.

Wákàtí kan tó fún ibẹ̀. Owó ìwọlé rẹ̀ kò pọ̀.

Redditch: ẹ kúrò nínú ìlú

Forge Mill Needle Museum lè má wà lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó jinlẹ̀ jù nínú márààrún. Redditch wà ní gúúsù Birmingham, tíréènì tó ń lọ síbẹ̀ láti New Street, ibùdókọ̀ ńlá Birmingham, sì parí ìrìn rẹ̀ níbẹ̀ ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, abẹ́rẹ́ tó ń jáde láti ìlú kékeré yìí àti àyíká rẹ̀ ló gba ọjà ayé. Wọ́n ní ó tó ìdá 90 nínú 100. Ilé ọlọ tí omi ń yí ni mùsíọ́mù náà wà, àgbá kẹ̀kẹ́ omi náà sì ṣì ń yí. Títí di 1958 ni wọ́n fi ń dán abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ní 1983 ló di mùsíọ́mù.

Ẹni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ ránṣọ rí kò ní rò pé iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wáyà ni wọ́n ń gé, wọ́n á sì gé e ní gígùn abẹ́rẹ́ méjì. Wọ́n á pọ́n ṣóńṣó sí orí méjèèjì, wọ́n á lu ojú méjì sí àárín, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì. Wọ́n á fi iná mú un le. Ó kù kí ó dán. Wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́ jọ pẹ̀lú ọṣẹ àti iyanrìn líle, wọ́n á wé e mọ́ inú aṣọ kánfáàsì, wọ́n á dì í pinpin, wọ́n á wá tì í sábẹ́ igi ńlá tí omi ń gbé síwá sẹ́yìn. Á máa yí lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á tú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Igi yẹn wà níbẹ̀, ẹ óò rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì ni ìtàn àwọn tó ń pọ́n ṣóńṣó rẹ̀. Ọkùnrin kan á di ọ̀pọ̀ wáyà mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á máa yí i bó ṣe ń tì í mọ́ òkúta ìpọ́nrin tó ń yí kíákíá. Iná á máa ṣẹ́ jáde, eruku òkúta àti ti irin á sì máa wọ imú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kọjá ọdún márùndínlógójì láyé. Wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó iṣẹ́ wọn fi ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku kúrò wá, àwọn òṣìṣẹ́ náà ló kọ̀ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé bí ewu bá kúrò, àjẹmọ́nú ewu á bá a lọ. A máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pani. Ti àwọn wọ̀nyí pa wọ́n, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. N kò mọ ibì kankan tó fi ohun tí àìní lè mú èèyàn ṣe hàn mí gbangba tó bẹ́ẹ̀, inú abẹ́rẹ́ sì ni mo ti rí i, ohun tí gbogbo ìyá wa ń fi há etí gèlè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́mù náà ni àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan wà, Bordesley Abbey, tó ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Pápá gbalasa ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ lè sáré. Láti ibùdókọ̀ tíréènì, ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí takisí, torí ẹsẹ̀ á rọ̀ bí ẹ bá ní ọmọ lọ́wọ́. Ẹ ya ìdajì ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un, ó kéré tán. Bí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ sún un síwájú, nítorí ìta náà dùn tó inú.

Walsall: awọ, láìgba kọ́bọ̀

Walsall Leather Museum wà nínú ilé iṣẹ́ awọ tí wọ́n kọ́ ní 1891, ó ṣí gẹ́gẹ́ bíi mùsíọ́mù ní 1988. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Gàárì àti ìjánu ẹṣin ló gbé Walsall dìde. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ The Saddlers títí dòní. Nígbà tí mọ́tò lé ẹṣin kúrò lójú títì, àwọn tó gbọ́n nínú wọn yíjú sí báàgì, pọ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì. Báàgì Launer tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì máa ń fi há apá, Walsall ni wọ́n ti ń rán an. Ohun tó yẹ kí ẹ wò níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ rán awọ. Òṣìṣẹ́ á fi itan méjèèjì há igi tó di awọ mú, á fi ìlu lu ihò, abẹ́rẹ́ méjì á sì gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, pẹ̀lú òwú tí wọ́n ti fi ìda pa. Bí ìrán kan bá já, èkejì ṣì dì í mú. Máṣínì kò lè ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ àwọn oníṣọ̀nà awọ ní Ọ̀yọ́, àwọn tó ń ṣe tìmùtìmù, ẹ óò ní púpọ̀ láti bá ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà sọ.

Walsall kò ní ìtàn tó ń mú ọkàn gbọ̀n bíi ti Redditch, kò sì ní ilẹ̀kùn àtìpa bíi ti Smith & Pepper. Ohun tó ní ni ìrọ̀rùn: kò gbowó, tíréènì tó ti New Street lọ síbẹ̀ kò gba wákàtí kan, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti ibùdókọ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ yẹ ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n ń ṣí wò, torí mùsíọ́mù ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣí lójoojúmọ́.

Bí ẹ ṣe lè so wọ́n pọ̀

Ọjọ́ kan, láìní ọmọ lọ́wọ́: Coffin Works láàárọ̀, ẹ jẹun, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sí Vyse Street fún Smith & Pepper lọ́sàn-án. Wọn kò jìnnà síra. Bí agbára bá ṣì wà, ẹ yà sí Pen Museum, ojú ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n mẹ́ta lójúmọ́ ti pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ mọ́.

Bí àwọn ọmọ bá wà, Pen Museum ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara wọn ṣì yá, kó jẹ́ òun nìkan. Ẹ lè mú wọn lọ sí Redditch ní ọjọ́ mìíràn, torí kẹ̀kẹ́ omi àti pápá. Coffin Works dára fún ọmọ tó ti tó mẹ́wàá sókè, tí kò sì ń bẹ̀rù ariwo.

Bí ó bá jẹ́ pé òbí yín ló wá kí yín láti ilé, tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹ rántí pé ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni gbogbo ibi wọ̀nyí, àtẹ̀gùn tóóró sì pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n léèrè nípa líìfù àti ibi ìjókòó. Wọ́n máa ń dáhùn dáadáa. Mùsíọ́mù kékeré ni, ẹni tó gbé fóònù ni ẹ óò bá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ ohun ńlá, tó fẹ́ lo ọjọ́ kan gbáko síta, kó lọ sí Black Country Living Museum ní Dudley. Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọ́n tú ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ láti ibòmíràn ni, wọ́n wá tún un tò. Ti Stourbridge ń kọ́? Mùsíọ́mù gíláàsì tuntun tó ṣí ní 2022 ní Wordsley wà níbẹ̀, ní òdìkejì Red House Glass Cone, ilé bíríkì tó ga tó mítà 30, tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì. Ìran Yorùbá tó mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí Stourbridge tó dá iná, á rí ohun bá wọn sọ níbẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò nínú márùn-ún yìí kìkì nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ ṣòro fún ẹni tí kò ní mọ́tò.

Ẹni tó ń bọ̀ láti London lọ́jọ́ kan náà, kó wọ tíréènì Chiltern láti Marylebone tó dé ibùdókọ̀ Snow Hill ní Birmingham. Láti ibẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Fleet Street, tàbí kí ẹ wọ tíréènì fún ibùdókọ̀ kan péré sí Jewellery Quarter. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣí. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí òòlù Coffin Works já lójú yín, ẹ bi wọ́n nígbà tí ẹ bá ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bóyá àkókò tí ẹ yàn wà lára àwọn tí wọ́n máa ń yí ẹ̀rọ.